Ohun tí Ará Mẹ́síkò Ń Wí ní Koumassi

Bàbá Àgbà wa, Làsísì Oníaago, kú ní ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. A sunkún wọn, a sì gba kádàrá. Ẹni tó bá pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ kì í fi omijé nìkan sin ín. Wọ́n á jẹ, wọ́n á mu, wọ́n á sì máa sọ ìtàn rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nítorí náà kì í ṣe ikú wọn ló mú mi jókòó kọ èyí. Ohun tí mo gbọ́ ní ọjọ́ kẹjọ ni.

Ọjọ́ fídáù ni. Àgbàlá ilé wa ní Koumassi, ní Abidjan, kún dé ẹnu ọ̀nà, àwọn tí kò ríbi jókòó sí dúró sójú títì, tí àwọn takisí wôrô-wôrô ń fọn fèrè lé lórí. Bàbá Tìjání, ọmọ ìlú wa láti Èjìgbò, tí òun àti Bàbá Àgbà jọ ṣe kékeré, gba makirofóònù lọ́wọ́ àlùfáà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Wọ́n ní, "Ọlọ́run, tẹ́ Làsísì sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú, ó ṣú ìyàwó rẹ̀ lópó. Ó wo ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dàgbà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé kì í ṣe òun ló bí i." Àwọn àgbà ṣe àmín. Àwa ọmọ-ọmọ náà la ẹnu, àmín náà sì há sí wa lọ́fun.

Rashíd, ọmọ àǹtí mi, fi ìgúnpá gún mi. Ó ní, "C'est qui? Ta ni ọmọ ẹ̀gbọ́n yẹn?" Mo yíjú wo Papa, bàbá tó bí mi, àkọ́bí Ìyá Àgbà. Papa tí kì í wolẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ara wọn bí ẹni pé wọ́n ń kà á. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bá Tantie Mọ́rìnátù, àbúrò Papa, ìyá Rashíd, níbi tí wọ́n ti ń fọ àwo oúnjẹ. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní Bùràímọ̀ ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n náà, pé port, èbúté ọkọ̀ ojú omi, ló ti ń ṣiṣẹ́, pé ẹrù já lé e lórí nígbà tí Papa wà ní ọmọ ọdún méjì. Wọ́n ní gbogbo àgbà ilé ló mọ̀. Bàbá Àgbà ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ ọ́ fún àwa tí wọ́n bí síhìn-ín, kí á má baà máa pín ara wa sí méjì. Mo ti ń gbé e mì díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń lo oògùn kíkorò, kí wọ́n tó wá fi èyí tó kẹ́yìn kún un. "Àwọn àwo orin Mẹ́síkò yẹn ńkọ́? Ti Bùràímọ̀ ni wọ́n. Ọwọ́ àwọn atukọ̀ ojú omi ló ti ń fi aṣọ gbà wọ́n. Àwọn ni òun àti Maman, Ìyá Àgbà rẹ, jọ máa ń gbọ́ ní dimanche, lọ́jọ́ Àìkú."

Mo jókòó lórí àpò ìrẹsì, mo sì káwọ́ lérí. Kí ẹni tí kò mọ ilé wa tó lè mọ ohun tó gbá mi láyà bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó mọ bí ọjọ́ Àìkú ṣe máa ń rí níbẹ̀.

Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, Bàbá Àgbà á gbé àpótí àwọn àwo orin sílẹ̀. Aṣọ múlọ́múlọ́ tí wọ́n fi ń nu ojú aago níbi iṣẹ́ ni wọ́n fi ń nu àwo náà, wọ́n á fi ìka méjì péré dì í mú létí. Àwa ọmọdé á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá Àgbà á gbé àpótí ìjókòó wọn sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á kẹ̀yìn sí wa, wọ́n á máa ṣa ẹ̀wà. Ẹ̀wà la bá fẹ́ jẹ lọ́jọ́ kejì ni o, ẹ̀wà kọ́ la bá fẹ́ jẹ ni o, ẹ̀wà ni wọ́n á máa ṣa. Nígbà náà ni kàkàkí á dún, gìtá á tẹ̀lé e, gòjé á máa fa ohùn bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú, ọkùnrin kan á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún sínú orin láìtijú. Láàárín orin, á ké lójijì bí ẹni tí àkekèé ta. Àwa náà á bá a ké. Bàbá Àgbà máa ń sọ pé ìyẹn ló wu àwọn nípa àwọn ará Mẹ́síkò, pé ní ìlú tiwọn, ọkùnrin lè sunkún obìnrin ní gbangba, kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì fi kàkàkí gbè é.

Bí orin bá parí, wọ́n á túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ojú wa ni wọ́n máa ń wò bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohùn wọn máa ń ròkè díẹ̀ ju ohun tí àwa tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nílò lọ. "Ó ní: mo wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ láti àárọ̀. Ilẹ̀kùn ò tì, àmọ́ mi ò lè wọlé, torí ẹni tó ti lọ ṣì jókòó lórí àga." Tàbí: "Ó ní: tí o bá ti bu oúnjẹ fún ẹlòmíì tán, fún mi ní èyí tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Mo fẹ́ràn èyí tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò." A máa ń rẹ́rìn-ín sí ti ìkòkò yẹn títí inú á fi máa dùn wá. Ọ̀kan wà tí mi ò rí ibi gbé e sí nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ. Wọ́n ní, "Ó ní òun ò bínú sí ẹni tó gbapò òun. Ó ní ta ló ń bá òkú jà?" Ìyá Àgbà ń ṣa ẹ̀wà lọ.

Àwo kan wà nísàlẹ̀ àpótí tí wọn kì í fi sí ẹ̀rọ. Obìnrin ló kọ ọ́, àwòrán rẹ̀ wà lára àpò àwo náà, ó fi òdòdó sí irun. Ní ọjọ́ tí mo bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n jẹ́ ká gbọ́ ọ, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n dá a padà. Wọ́n ní, "Èyí kì í ṣe tèmi láti túmọ̀."

Kí n má purọ́, Bàbá Àgbà kì í ṣe ẹni tó rọrùn láti bá gbé. Wọn kì í bèèrè ohunkóhun ní tààrà. Gbogbo ohun tí wọ́n bá fẹ́, ẹnì kan tí a ò rí rí ló ń sọ ọ́. Bí iyọ̀ ò bá tó nínú ọbẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹnì kan ní ọbẹ̀ yìí tẹ́." Bí eyín bá ń dùn wọ́n, wọ́n á ní ẹnì kan ò sùn lánàá. Nígbà tí wọ́n rí Ìyá Àgbà tí wọ́n ń fọṣọ nínú oòrùn ọ̀sán, wọ́n dúró lójú fèrèsé, wọ́n ní, "Ẹnì kan ní oòrùn yìí ti pọ̀ jù fún àgbàlagbà." Ìyá Àgbà ò bojú wẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Kí ẹni náà lọ wá ibòji jókòó sí."

Àwa rò pé ìwà àgbà lásán ni. Rashíd tilẹ̀ máa ń sín wọn jẹ nílé ìwé tí kò bá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, á ní, "Madame, ẹnì kan ò ṣe devoir rẹ̀."

Nídìí iṣẹ́ aago títúnṣe wọn náà, bákan náà ni. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan létí ọjà Koumassi, kò tóbi ju ibùsùn lọ, àwọn awakọ̀ sì fẹ́ràn wọn nítorí wọn kì í fi aago ẹni falẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún aago ṣe tán, wọn kì í yí ọwọ́ rẹ̀ sí àkókò tó yẹ. Ẹni tó ni ín ni wọ́n máa ń jẹ́ kó yí i fúnra rẹ̀. Ọkùnrin kan bínú lọ́jọ́ kan, ó ní ṣé ìṣẹ́jú kan péré ni wọn ò lè fi kún iṣẹ́ wọn. Wọ́n yọ awò kúrò lójú, wọ́n sì dá a lóhùn jẹ́jẹ́. "Aago ni mo tún ṣe. Àkókò kì í ṣe tèmi."

Ìjà gidi tí mo rí láàárín àwọn àti Papa, ọ̀rọ̀ àwọn àwo yẹn ló fà á. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Papa kórìíra ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọn kì í sì í jókòó tì wá. Lọ́jọ́ náà wọ́n wọlé, wọ́n pa ẹ̀rọ náà lójú gbogbo wa, wọ́n ní, "Ẹ kó àwo bàbá mi fún mi." Mo rò pé Papa ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré ni, torí bàbá wọn náà ni mo rò pé ó jókòó síwájú wọn yẹn. Bàbá Àgbà ò bínú. Wọ́n ní, "Lọ́jọ́ tí ìyá rẹ bá ní kí n kó wọn kúrò, màá kó wọn fún ọ." Àwọn méjèèjì wo ẹnu ọ̀nà. Ìyá Àgbà ò sọ pé kí wọ́n kó wọn, wọn ò sì sọ pé kí wọ́n má kó wọn.

Nítorí àwọn àwo wọ̀nyẹn ni mo ṣe yan èdè Spéènì ní lycée, ilé ìwé girama, ní Bingerville, nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ń yan Jámánì. Mo fẹ́ di ẹni tó máa túmọ̀ bí Bàbá Àgbà. Ọdún kejì ni odidi orin kan kọ́kọ́ yé mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orin ẹnu ọ̀nà yẹn ni, èyí tí ẹni tó ti lọ ṣì jókòó lórí àga. Kò sí ẹnu ọ̀nà níbẹ̀. Kò sí àga. Ẹṣin ọkùnrin náà ló kú, ẹṣin yẹn ni ọkùnrin náà ń sunkún. Lóòótọ́, púpọ̀ nínú ìyókù jẹ́ ti ìfẹ́ tí kò rí èsì gbà, ti ẹni tó ń mutí sí orúkọ obìnrin tó fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó sọ ohun tí Bàbá Àgbà ní ó sọ. Mo délé, mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú gbogbo ilé. Mo ní, "Bàbá Àgbà, ẹṣin ni o!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ní, "Èdè ni wọ́n kọ́ ọ. Wọn ò tíì kọ́ ọ ní orin." Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé awàdà ni gbogbo rẹ̀. Ojú ń tì mí báyìí tí mo bá rántí ẹ̀rín yẹn.

Ohun kan tí wọ́n ṣe tí a ò lè gbàgbé nílé wa ṣẹlẹ̀ ní ọdún tí ìbọn ń dún ní Abidjan. A ní láti sá kúrò ní Koumassi lọ sọ́dọ̀ ìbátan kan ní Bingerville, kálukú sì mú ohun tó lè gbé. Bàbá Àgbà fi gbogbo irinṣẹ́ aago sílẹ̀, irinṣẹ́ ogójì ọdún. Àpótí àwo orin ni wọ́n rù. Tantie Mọ́rìnátù pariwo lé wọn lórí lójú títì, wọ́n bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa fi jẹun tí ìjà bá tán. Bàbá Àgbà ní irinṣẹ́ ṣeé rà, wọ́n sì ń bá ìrìn lọ. Kò sí ẹ̀rọ tí a lè fi gbọ́ wọn ní Bingerville. Síbẹ̀, nígbà tí aago mẹ́rin lù ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n yọ àwo kan, wọ́n nù ún, wọ́n gbé e lé itan. Ìyá Àgbà gbé àpótí ìjókòó lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé onílé. Ìgbà tó yá, Bàbá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ láìsí orin. Rashíd bi wọ́n pé orin dà. Wọ́n ní, "Ẹni tó ń kọ ọ́ ò tíì dákẹ́."

Èyí gan-an ló ń yí lórí mi bí mo ṣe jókòó lórí àpò ìrẹsì. Àwo orogún wọn ni wọ́n rù lórí. Ẹni tó fẹ́ ìyàwó wọn kó tó kú, òun ni wọ́n ń nu àwo rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún àádọ́ta ọdún, kí ìyàwó náà lè gbọ́ ọ. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Mo bi Tantie. Tantie ní kí n lọ bi Bàbá Tìjání.

Bàbá Tìjání ń fọwọ́ sí tùwó lọ́wọ́ nígbà tí mo kúnlẹ̀ níwájú wọn. Wọ́n ní ṣé mi ò mọ̀ pé Làsísì ni alárenà. Bùràímọ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Abidjan, ọmọbìnrin tó wá di Ìyá Àgbà mi wà ní Èjìgbò, Làsísì ló ń gbé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ láti ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé etí ọmọbìnrin náà fún odidi ọdún kan. Á dúró lẹ́bàá ògiri ilé wọn, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ní…" Bùràímọ̀ ò sì mọ ọ̀rọ̀ sọ, iṣẹ́ díẹ̀ ló máa ń rán. Ìyókù, ti alárenà ni. Wọ́n ní, "Bí a bá mojú ara tán, alárenà a yẹ̀ba. Làsísì yẹ̀ba. Ìyàwó dé, ó fún un lórúkọ bí ìyàwó ṣe ń fún àbúrò ọkọ lórúkọ. Jẹ́jẹ́ ló ń pè é. Ọjọ́ tí wọ́n ṣú u lópó fún un ló fi orúkọ yẹn sílẹ̀, torí a kì í fi orúkọ àbúrò ọkọ pe ọkọ. Mi ò tún gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́." Wọ́n fọ ọwọ́ wọn. "Làsísì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu ẹlòmíì bá ìyàwó náà sọ̀rọ̀. Kò kọ́ ọ̀nà mìíràn."

Mi ò mọ bí mo ṣe dìde níbẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fi ṣẹ̀fẹ̀, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Wọ́n ń sọ ọ́ lójú gbogbo wa, wọ́n ń sọ ọ́ sí ẹ̀yìn obìnrin tó ń ṣa ẹ̀wà, kò sì sẹ́nikẹ́ni nínú wa tó gbọ́ ọ. Ohun tó wá ń gún mi lọ́kàn ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé mi ò mọ̀ bóyá obìnrin náà gbọ́. Ṣé ọkùnrin yìí lè ti fi àádọ́ta ọdún kan ilẹ̀kùn, kó kú, kí ẹni tó wà nínú ilé má mọ̀ pé ẹnì kan ń kanlẹ̀kùn?

Mo sọ fún Rashíd pé mi ò ní lè bèèrè. Opó ni Ìyá Àgbà, ẹ̀ẹ̀kejì rèé láyé wọn, a kì í da opó láàmú. Rashíd, tí kì í sọ ọ̀rọ̀ gidi lọ́dún, wò mí. Ó ní, "Ma vieille, gbê est mieux que drap." Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ àdúgbò ni, pé òtítọ́ sàn ju ìtìjú lọ.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé fídáù, mo lọ bá Ìyá Àgbà ní yàrá. Aago mẹ́rin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Wọ́n ti gbé àpótí ìjókòó wọn, kì í ṣe sẹ́nu ọ̀nà, iwájú ẹ̀rọ àwo ni wọ́n gbé e sí. Kò sí ẹ̀wà lọ́wọ́ wọn. Mi ò tíì rí ojú wọn rí ní irú àkókò yẹn. Kí n tó la ẹnu, wọ́n ní kí n yọ àwo tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ti obìnrin yẹn.

Mo nù ún bí mo ṣe rí i tí Bàbá Àgbà ń nù ún. Abẹ́rẹ́ fò lẹ́ẹ̀kan kó tó wọ inú orin. Ohùn obìnrin náà jáde, ó rẹlẹ̀, ó há díẹ̀. Mo ti ń múra láti túmọ̀, torí èmi nìkan ló gbọ́ èdè yẹn nílé, Ìyá Àgbà sì gbé ọwọ́ sókè sí mi.

Wọ́n ní, "Èmi ni màá túmọ̀ èyí."

Wọ́n ń wo àwo náà bó ṣe ń yí. "Obìnrin yìí ní òun gbọ́. Gbogbo dimanche ni òun gbọ́. Ó ní nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó kú ni òun ń sunkún, òun sì kẹ̀yìn kí ẹni tó ń gbé àwo sí i má baà rí omijé òun. Ó ní òun ò mọ ọdún tí ẹkún náà yí padà. Ó kàn di ọjọ́ kan, òun sì rí i pé ẹni tó ń gbé àwo sí i ni òun ń sunkún."

Mo ní, "Ìyá Àgbà, kí ló dé tí kò sọ fún un?"

"Ọkùnrin náà ò bá a sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ ló ń bá sọ̀rọ̀. Obìnrin yìí ń dúró de ọjọ́ tó máa yíjú sọ́dọ̀ òun, kó sọ pé, èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀." Wọ́n nu ojú wọn pẹ̀lú aṣọ aago Bàbá Àgbà. "Ó ní: Jẹ́jẹ́, mo gbọ́."

Mo gbọ́ èdè yẹn dáadáa. Ọkọ̀ ojú irin kan ni obìnrin náà ń kọrin nípa rẹ̀, tó kọjá ní ìlú kan láìdúró. Ìyá Àgbà yíjú sí mi, wọ́n bi mí bóyá bó ṣe wí náà nìyẹn.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Àgbà. Bó ṣe wí i gan-an nìyẹn."